Ajá Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Yìnyín

Nítorí yíìsì ni Màmá Ìséyìn, ìyá tó bí Mọ́mì, ṣe pè mí láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Kò dágbére, kò sọ̀rọ̀ ogún, kò ṣàdúrà tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Yíìsì ni. Ó ní èyí tí wọ́n ń tà ní abúlé kì í jẹ́ kí búrẹ́dì òun wú bó ṣe yẹ, kí n bá òun ra ti inú ike pupa yẹn bọ̀ láti Berlin, kí n má sì lọ ra èyí tí wọ́n ń kó sínú fíríìjì o, torí ìyẹn máa ń rùn. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Ó ní, "O ti gbọ́, àbí o ti rà á?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn láti Marzahn, àdúgbò tí mò ń gbé ní Berlin, tí mò ń lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá, yíìsì ti wà nínú báàgì mi. Fóònù mi tún dún. Àǹkù Ràsákì ni, àbúrò Mọ́mì. Kò kí mi. Ó kàn ń sọ pé, "Àníkẹ́, Màmá. Àníkẹ́, Màmá." Mo rò pé ó ń sọ fún mi pé Màmá fẹ́ gba fóònù ni.

Háà! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi ṣàwàdà lórí yíìsì! Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi ò tíì gbà á. Ọwọ́ mi á ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ láàárọ̀, màá wá rántí, àyà mi á sì já bí ìgbà tí èèyàn bá fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó wá kí wa ní Hamburg ń sọ pé arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ ni, pé oníwà tútù ni. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n nínú mi mò ń sọ pé, ta ni wọ́n ń sọ gan-an? Màmá wo ló níwà tútù? Màmá tí èmi mọ̀, ìjà ló ń jà láti àárọ̀ dalẹ́, ìjà kan ṣoṣo náà sì ni: ìkíni. Bí a sì ṣe sin ín tán, ìjà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti Mọ́mì. Kì í ṣe lórí ilé, kì í ṣe lórí aṣọ. Ajá ni. Mọ́mì ní ajá tí Màmá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí Tierheim, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹranko tí kò ní ilé sí. Mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, ṣùgbọ́n kò lè yé yín bí ẹ ò bá kọ́kọ́ mọ Màmá.

Ní tiwa, bí o bá wọlé tí o ò kí Màmá, o ò tíì wọlé nìyẹn. Mo ti Berlin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, yìnyín lórí, yìnyín lẹ́sẹ̀, ebi ń pa mí, òórùn búrẹ́dì sì gba gbogbo ilé kan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Hallo, Màmá!" Màmá yíjú sí ológbò rẹ̀. Ìyàwó ni orúkọ ológbò náà, torí Màmá ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ́ wọlé, bí ìyàwó tuntun ló ṣe jókòó, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó sì ń ṣọ́ gbogbo èèyàn. "Ìyàwó," Màmá ní, "ṣé o gbọ́ ohùn kan?" Ológbò náà wò mí lójú. "Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan o. Atẹ́gùn ni." Mo sáré kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ wọ ṣòkòtò mi. "Ẹ káalẹ́ mà." Ojú Màmá là. "Háà, Àníkẹ́! Ìgbà wo lo dé? Wọlé, wọlé, òtútù á mú ọ!"

Àwọn àbúrò mi tí wọ́n bí sí Hamburg kì í fẹ́ sọ Yorùbá. Bí Màmá bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, Jámánì ni wọ́n fi ń fèsì. Gbogbo wa rò pé ìyẹn ló máa dun Màmá jù. Rárá o. Ó pe gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀ kan, ó ní, "Ẹ fi èdè tó bá wù yín kí mi. Ṣùgbọ́n kí orúnkún yín gbọ́ Yorùbá." Láti ọjọ́ yẹn, tí àwọn ọmọ yẹn bá ń sọ "Guten Morgen, Oma," orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí náà ló lé e kúrò ní Hamburg. Nígbà tí bàbá wa àgbà kú ní Ìséyìn, Mọ́mì lọ mú ìyá rẹ̀ wá sí Steilshoop, sínú ilé gogoro tí a ń gbé, lókè téńté. Iṣẹ́ Mọ́mì ni láti máa tọ́jú àwọn arúgbó ní Pflegeheim, ó ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé òun ń wẹ ìyá oníyàá kí ìyá tòun wá máa dá gbé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ lífítì ilé yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ lífítì tí Màmá kì í kí. "Ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n á wolẹ̀. "Ẹ kú ojúmọ́ o." Wọ́n á wo fóònù. Ó kọ́ "Guten Tag" lọ́wọ́ mi, ó ń sọ ọ́ dáadáa, àwọn kan ń dáhùn, ọ̀pọ̀ ò dáhùn. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó jókòó, ó tú ìborùn rẹ̀, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Àníkẹ́, ṣé mo ti kú ni? Tó bá jẹ́ pé mo ti kú, ẹ sọ fún mi."

Àǹkù Ràsákì, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá káàkiri Yúróòpù, ti ra ilé bíríkì àtijọ́ kan ní abúlé kékeré kan lójú ọ̀nà rélùwéè tó ti Hamburg lọ sí Berlin. Àwọn tó kọ́ ilé náà láyé àtijọ́ ti mọ ààrò búrẹ́dì mọ́ ògiri kíṣìnì. A mú Màmá lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nígbà òtútù, pé kó lọ fojú kan ilé ọmọ rẹ̀, kó ṣàdúrà sí i, ká sì padà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, yìnyín ti bo gbogbo ayé. Kò sí ọ̀nà mọ́, kò sí ọgbà, òrùlé ò yàtọ̀ sí ilẹ̀. Mọ́mì ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó rò pé ìyá òun á bú sẹ́kún. Màmá ṣílẹ̀kùn, ó dúró, ó ń tẹ́tí. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí ara mi."

Lódìkejì ọ̀nà, bàbá Jámánì arúgbó kan ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Màmá fi ohùn Ìséyìn ránṣẹ́ sí i, ohùn tó máa ń la oko kọjá: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Bàbá náà dáwọ́ dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Moin!" bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Màmá yíjú sí wa, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó dá mi lóhùn," ó ní. "Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́? Ó dá mi lóhùn."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, a ti di ẹrù, Mọ́mì ti wọ bàtà. Màmá jókòó síwájú ààrò, kò mira. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ kí ilé." Ẹnu Mọ́mì ò lè padé. "Màmá, ẹ ò lè dá gbé nínú òtútù yìí! Ràsákì kì í gbélé!" Màmá ní, "Ta ló ní mo fẹ́ dá gbé? Ẹni tó ń dáni lóhùn wà lódìkejì." A rò pé àwàdà ni. A bẹ̀ ẹ́, a bínú, a pe Ìséyìn pé kí wọ́n bá wa bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ó yà mí lẹ́nu bí ayé yẹn ṣe dùn tó. Àwa tí wọ́n bí sínú òtútù là ń sá fún òtútù. Màmá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé nínú oòrùn ló wá ń gbádùn rẹ̀ bí ọmọdé. Á kírun àárọ̀ ní yàrá òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á ti ẹsẹ̀ bọ bàtà iṣẹ́ Àǹkù tó tóbi jù ú lọ, á dáná sí ààrò, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun. Ìyàwó á gun fèrèsé, á máa ṣọ́ ẹyẹ. Ọkọ Màmá ti ní ilé búrẹ́dì ní Ìséyìn nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Búrẹ́dì tó dùn, tó rọ̀, tó ń nà bí o bá fà á. Ní oṣù Kejìlá, tí àwọn ará abúlé bá ń ṣe bisikíìtì Kérésì oríṣiríṣi, oníràwọ̀, onígi, òun náà ṣe tirẹ̀, ó fi atalẹ̀ sí i, ó fi ẹnu kọ́ọ̀bù gé gbogbo rẹ̀ ní ààbọ̀ òṣùpá. Bí wọ́n bá bi í pé ìràwọ̀ ńkọ́, á ní, "Òṣùpá là ń wò ká tó gbààwẹ̀. Èmi ò bá ìràwọ̀ ṣe àdéhùn kankan."

Fíríìjì tó wà nínú ilé, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ìnáwó iná lásán ni nígbà tí Ọlọ́run ti gbé tirẹ̀ síta. Bọ́tà, ẹran, ìkòkò ọbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń rì mọ́ inú yìnyín lẹ́yìn ilé, á wá ki ṣíbí igi mọ́lẹ̀ kó lè mọ ibi tó wà. Lọ́dún kan, yìnyín bọ́ bo ṣíbí. A wá ìkòkò ọbẹ̀ ògúnfe, a wá a títí. Èmi àti Àǹkù gbẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń wá góòlù, Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń tọ́ka: "Níbẹ̀ yẹn. Rárá, ọ̀tún. Ẹ sún mọ́ igi." A ò rí i. Nígbà tí yìnyín wá yọ́ tán, ìkòkò náà yọjú lábẹ́ fèrèsé kíṣìnì gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Màmá máa ń dúró sí. Ó wò ó, ó wò wá. "Ṣé mo sọ fún yín pé kò jìnnà," ó ní.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì, Werner lorúkọ rẹ̀, Bàbá Wẹ́nà ni Màmá ń pè é. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ààrò, ti Bàbá Wẹ́nà ni, Màmá á fi aṣọ wé e, á lọ gbé e ka orí ọgbà rẹ̀. Bàbá Wẹ́nà náà á gbé búrẹ́dì Jámánì dúdú wá, èyí tó le. Màmá á fi ìka kàn án, kó-kó-kó, á ní, "Ṣé búrẹ́dì ni àbí bíríkì?" Á sì jẹ ẹ́ tán. Ohun kan ló ń bí i nínú sí Bàbá Wẹ́nà: láàárọ̀, Moin. Lọ́sàn-án, Moin. Lálẹ́, Moin. "Ìkíni kan ṣoṣo fún gbogbo ọjọ́! Wọn ò ní nǹkan sí i tí wọ́n lè fi kún un ni?"

Bàbá Wẹ́nà ní ajá kan, Bruno, dúdú, onírun kíkún, etí kan dúró, èkejì wó. Ẹ gbọ́ ohun tí ajá jẹ́ fún Màmá kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Ní Ìséyìn, bí ajá bá ń kọjá lọ, á ká ìró rẹ̀ sókè, á sì dúró gbagidi títí ajá náà á fi lọ. Bí imú ajá bá fara kan aṣọ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, aṣọ yẹn di fífọ̀, àlùwàlá di títúnṣe. Tí Bàbá Wẹ́nà bá mú Bruno dání, Màmá á fi ìgbálẹ̀ fa ilà sínú yìnyín, á ní kí ajá náà má kọjá ibẹ̀. Kì í sì í kọjá.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Bàbá Wẹ́nà ò gbé e mọ́. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí Heim, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ìlú, Heim náà ò sì gba ajá. Ọmọ yẹn ń wakọ̀ wá láràárọ̀ láti fún Bruno lóunjẹ nínú àká, kí wọ́n tó rí ẹni tó máa gbà á. Òpin ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí yìnyín pọ̀ débi pé mọ́tò kankan ò lè wọ abúlé. Mo wà lọ́dọ̀ Màmá. Láàárọ̀, ó ń fi bọ́tà pa abọ́ búrẹ́dì, a gbọ́ tí nǹkan ń ha ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Bruno ni. Yìnyín ti dì mọ́ irun rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ti gbé ìgbálẹ̀. Mo ń dìde láti bẹ̀ ẹ́ ni ajá náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fi àyà lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ wálẹ̀ gbalaja sínú yìnyín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ara ló ń nà. Gbogbo ajá ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Màmá ò sin ajá rí láyé rẹ̀. Ọmọ Ìséyìn ni. Ohun tó rí ni akọ kan tó jáde látinú yìnyín láàárọ̀ kùtù, tó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dáhùn kí òun fúnra rẹ̀ tó rò ó: "Káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lo jí? Dìde, wàá dàgbà." Bruno dìde.

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí abọ́ olówó iyebíye já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Àníkẹ́," ó ní, "mo ti dá a lóhùn." Ó wo ajá náà, ó wo yìnyín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹni tí mo dá lóhùn, ṣé mo tún lè tì í síta ni?" Ó gbé ìgbálẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo ti rí nǹkan láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú rẹ̀. Màmá Ìséyìn, àlàájà, ń ya ọ̀nà fún ajá!

Nígbà tí Mọ́mì dé, igbe tó ké, mo rò pé ilé ń jó. "Màmá! Ajá! Nínú ilé!"

"Inú kíṣìnì ni."

"Kíṣìnì ò sí nínú ilé ni?"

"Ó kí mi, Sìdí. Mo sì dá a lóhùn."

"Màmá, ara ló ń nà! Ajá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe!"

Màmá ò gbójú sókè kúrò nínú ìyẹ̀fun. "Àwọn ọmọ tìẹ náà ń jí láràárọ̀," ó ní. "Kí ló dé tí ara wọn kì í nà síwájú mi?"

Ó ṣe òfin o, ẹ má rò pé kò ṣòfin. Bruno ò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn lọ sókè níbi tí ẹní ìkírun wà. Abọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ìró kan wà tí Màmá ń fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, aṣọ Bruno là ń pè é. Ìyẹn ló ń ró tó bá fẹ́ fún un lóunjẹ tàbí tó fẹ́ yọ yìnyín kúrò nínú irun rẹ̀, á bọ́ ọ kó tó lọ ṣe àlùwàlá. Ó pe ààfáà kan ní mọ́sáláṣí ní St. Georg, ní Hamburg, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ààfáà ní kí ajá má dé ibi ìrun, pé fífún ẹranko lóunjẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀san wà níbẹ̀. Mọ́mì ní ààfáà náà ò tíì rí ajá yẹn ni. Láti ọjọ́ náà, tí Mọ́mì bá wá, inú mọ́tò Àǹkù ló ti ń kírun, gíláàsì á ṣú kùrukùru fún èémí rẹ̀, yìnyín á máa bọ́ lé mọ́tò lórí. Kì í sùn síbẹ̀. Ó máa ń padà sí Hamburg lọ́jọ́ náà. Màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo mọ́tò náà. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ìyá ẹ le. Mi ò mọ ibi tó ti rí i." Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má rí ẹ̀rín mi.

Bruno ń dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀, Màmá ń dá a lóhùn láràárọ̀. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n fò.

Àǹkù wà nílé lọ́jọ́ tí Màmá kú. Ó ní Màmá po ìyẹ̀fun, ó fi ìdérí bò ó, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ààrò, pé òun fẹ́ sinmi kí ó tó wú. Àǹkù jáde lọ kó yìnyín. Nígbà tó wọlé, ó gbọn bàtà, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìsinmi o." Màmá ò dáhùn. Àǹkù sọ fún mi pé òun ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ò tíì rí ojú rẹ̀, pé ibi tí òun dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn lòun ti mọ̀.

Nígbà tí èmi dé, dókítà ti wá, ó ti lọ. Wọ́n ti tẹ́ Màmá sí yàrá òkè, Mọ́mì jókòó tì í, kò sunkún, ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá sí kíṣìnì. Ìyẹ̀fun náà ti wú kọjá etí abọ́, ó ti ti ìdérí ṣubú, ó ti ṣàn sórí tábìlì. Ó ṣì ń wú! Ẹni tó pò ó ti lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Bruno dùbúlẹ̀ lábẹ́ àga Màmá, Ìyàwó wà lórí fèrèsé, èmi sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú yíìsì Berlin lọ́wọ́.

A sin ín ní Hamburg, ní apá ti àwa Mùsùlùmí. Yìnyín ń bọ́ lé wa lórí nígbà tí a ń kírun sí i lára. Bàbá Wẹ́nà wá, ọmọ rẹ̀ ló ń ti àga ẹlẹ́sẹ̀ táyà rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ, ó ní kí wọ́n ti òun sún mọ́ ibojì. Ó gbé ọwọ́ sókè bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. "Moin," ó ní. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi.

Ṣáájú fídáù, èmi àti Mọ́mì padà sí abúlé láti palẹ̀ ilé mọ́. Àǹkù ti wà lọ́nà pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ìyàwó ò ní wàhálà, Mọ́mì ti gbà pé ológbò máa bá òun lọ sí Steilshoop. Bruno ló kù. Yàrá tí mo háyà ní Marzahn, onílé ò gba ajá. Ọmọ Bàbá Wẹ́nà ní òun ò lè gbà á. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní, "Àníkẹ́, mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbà á sílé. Ẹni tó gbà á ti lọ." Ó ti pe Tierheim. Wọ́n ní àwọn máa wá mú un lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó wá ń dun èmi ni pé Bruno fúnra rẹ̀ ti jáwọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmá jáde, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀, mo ní, "Bruno, káàárọ̀." Kò tilẹ̀ gbé orí. Àga Màmá ló ń wò.

Mọ́mì sùn sínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ajá ti wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kírun àárọ̀ ní yàrá òkè, lórí ẹní ìyá rẹ̀. Mo ti wà ní kíṣìnì, mò ń po omi gbígbóná mọ́ tíì. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní òtútù ń mú òun, kí a dáná sí ààrò yìí ní ìgbẹ̀yìn ká tó ti ilé. Láì wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó fi bo èjìká. Aṣọ Bruno ni. Mo fẹ́ sọ fún un.

Bruno gbé orí. Ó fi imú wá afẹ́fẹ́. Ó dìde lábẹ́ àga, ó rọra rìn títí ó fi dé iwájú Mọ́mì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi àyà lélẹ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀ dé orí bíríkì.

Ìyá mi yìí, Màmá Ìséyìn ló tọ́ ọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ, o ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣí. "Káàárọ̀ o," ó ní, ohùn Màmá gan-an ló fi sọ ọ́. "Ṣé dáadáa lo jí? Dìde, wàá dàgbà."

Bruno dìde.

Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ń wò mí. Ó fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn, títí àga Màmá fi gbà á. Ó jókòó. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí Màmá kú, tí kò sun níbi ìsìnkú, ó wá sun ún níbẹ̀, ó ń mì tìtì, ó ń pe ìyá rẹ̀. Bruno gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mò ń wò ó, mò ń retí pé kó fa ìró rẹ̀ sókè, kó ti í dànù. Kò ti í.

Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Pe àwọn ará Tierheim yẹn," ó ní. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Mo ti dá a lóhùn."